Ògì Inú Igi

Inú igi ni ọ̀pọ̀ ìwé tí a ń kà ti wá. Wọn a gé igi wẹ́wẹ́, wọn a fi oògùn sè é títí yóò fi rọ̀ bí ògì. Ògì yìí ni wọ́n ń tẹ́, tí wọ́n ń fún, tí yóò gbẹ di ìwé.

Láti ìgbà pípẹ́ ni àwọn ilẹ̀ òtútù bíi Finland ti ń ṣe iṣẹ́ yìí. Ṣùgbọ́n igi tiwọn lè lo ọdún 60 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ kí ó tó dàgbà tán. Nǹkan bí ọdún 7 ni wọ́n ń gé yukalíptọ́ọ̀sì ní Bràsíl. Ìdí nìyí tí Bràsíl fi di aṣáájú nínú títa ògì igi sí ilẹ̀ òkèèrè.

Oòrùn àti òjò kò wọ́n wa. A gbin igi Gmelina sí igbó ọba Omo fún ilé iṣẹ́ ìwé ti Ìwópin. Igi dàgbà, ilé iṣẹ́ kò dúró bí a ti pète; pákó ni wọ́n ń la igi náà sí. Ẹni tó gbin àgbàdo tí kò ní ọlọ, báwo ni yóò ṣe mu ẹ̀kọ?