Abẹ́rẹ́ Ẹ̀jẹ̀ fún Aláìsàn Kíndìnrín: Púpọ̀ Rẹ̀ Kọ́ Ni Ìlera

Bí ojú ènìyàn bá funfun, tí ó ń mí hẹlẹ nítorí àtẹ̀gùn díẹ̀, oògùn ẹ̀jẹ̀ olómi àti ọbẹ̀ ùgú ni ará ilé máa ń kọ́kọ́ gbé wá. Ó lè ran ẹlòmíràn lọ́wọ́. Ṣùgbọ́n bí kíndìnrín bá ti ń kọṣẹ́, ọ̀rọ̀ náà ju ti oúnjẹ lọ.

Kíndìnrín kì í ṣe asẹ́ lásán. Òun ni ó ń ṣe èyí tí ó pọ̀ jù nínú hòmóònù tí a ń pè ní erythropoietin, tí ń ránṣẹ́ sí mùdùnmúdùn inú eegun pé kí ó pèsè sẹ́ẹ̀lì pupa. Ní ọdún 1989 ni àjọ tí ń ṣàkóso oògùn ní Amẹ́ríkà fọwọ́ sí epoetin, irú hòmóònù náà tí a ṣe ní ilé iṣẹ́, tí a ń gbà ní abẹ́rẹ́. Ṣáájú rẹ̀, ẹ̀jẹ̀ ẹlòmíràn ni ọ̀pọ̀ aláìsàn kíndìnrín ń gbà léraléra.

Àṣìṣe tí ó wọ́pọ̀ ni èrò pé bí ẹ̀jẹ̀ bá ti pọ̀ tó ni ara yóò ṣe le tó. Ìwádìí ńlá kan tí ó jáde ní 2006 fi hàn pé gbígbé ẹ̀jẹ̀ aláìsàn kíndìnrín ga jù ń fi kún ewu ọkàn àti ikú. Òmíràn ní 2009 rí i pé rọpárọsẹ̀ pọ̀ sí i. Nítorí náà, fún ẹni tí ń fi ẹ̀rọ fọ ẹ̀jẹ̀, bí PCV bá ti ń súnmọ́ 33, dókítà yóò dín oògùn kù tàbí kí ó dá a dúró díẹ̀. Ara kì í sì í yá lọ́jọ́ kan: ó lè tó ọ̀sẹ̀ méjì sí mẹ́fà. Ẹ má ṣe gba ìlọ́po méjì nítorí ìkánjú.

Alágbẹ̀dẹ kò lè rọ ọkọ́ láìsí irin. Ẹ jẹ́ kí wọ́n yẹ èròjà irin inú ara wò kí abẹ́rẹ́ tó bẹ̀rẹ̀. Ẹni tí ẹ̀jẹ̀ ríru rẹ̀ kò tíì wálẹ̀ kò gbọdọ̀ gbà á, nítorí abẹ́rẹ́ náà fúnra rẹ̀ a máa gbé ìfúnpá sókè.

Inú fìríìjì ni ibùgbé rẹ̀, láàárín ìwọ̀n òtútù 2 sí 8. Kò gbọdọ̀ dì, ẹ má sì ṣe gbọ̀n ọ́n. Níbi tí iná mànàmáná ti ń ṣe ségesège, yóò sàn kí ẹ gbà á ní ilé ìwòsàn ju kí ẹ tọ́jú rẹ̀ sílé. Ìgò tí a ṣe fún ìlò ẹ̀ẹ̀kan, ẹ da ìyókù rẹ̀ nù. Owó rẹ̀ kò kéré, n kò sì bá ẹni tí ó ń ṣẹ́ ẹ kù wí, ṣùgbọ́n kòkòrò lè ti wọ inú rẹ̀.

Bí orí bá ń fọ́ gidigidi, tí àyà ń dunni, tí ẹsẹ̀ kan ṣoṣo wú tàbí tí ọ̀rọ̀ ń wọ́ lẹ́nu, ẹ má dúró de ilẹ̀ mọ́. Ẹ lọ sí ilé ìwòsàn ní òru ọjọ́ náà.