Bí Ẹ Bá Fẹ́ Yọ Táátù Aláwọ̀ Kúrò Lára

Òdòdó pupa, ewé tútù yí i ká, orúkọ ẹnìkan sì wà nísàlẹ̀ ní dúdú. Tí irú táátù yìí bá wà lápá yín, orúkọ yẹn ló máa kọ́kọ́ ṣí. Pupa á tẹ̀ lé e. Ewé ló máa ń ṣorí kunkun.

Íńkì kò sí lójú awọ. Abẹ́rẹ́ ti tì í wọlé lọ́hùn-ún, àwọn ọmọ ogun inú ara ti gbé e mì, wọn ò sì lè dà á. Kò sí kànìnkànìn tó lè bá a níbẹ̀. Iná lésà ló ń fọ́ ọ sí wẹ́wẹ́ kí ara tó lè máa kó o lọ díẹ̀díẹ̀. Ṣùgbọ́n àwọ̀ kọ̀ọ̀kan ní iná tirẹ̀, tí à ń fi gígùn ìgbì rẹ̀ pè: 1064 nánómítà fún dúdú, 532 fún pupa àti àwọ̀ ọsàn, 694 àti 755 fún àwọ̀ ewé àti búlúù. Ìyeyè kì í tètè gbọ́ràn. Ẹ̀rọ tó bá ní iná kan ṣoṣo kò lè kó òdòdó yẹn tán, ohun yòówù tí wọn ì báà kọ sí pátákó ìta.

Fún àwa aláwọ̀ dúdú

Aró tó sọ awọ wa di dúdú náà ń mu iná. 1064 kì í fi bẹ́ẹ̀ bá a jà. Àwọn iná tó ń mú pupa àti ewé ló ń bá a jà, ibẹ̀ sì ni ojú àpá funfun tàbí dúdú ti ń wá. Ìdí nìyẹn tí àwa nílé ìwòsàn fi ń kọ́kọ́ dán iná wò lójú kan tí kò ju èékánná lọ, tí a ó sì dúró fún ọ̀sẹ̀ 4 ó kéré tán. Ẹ má bínú sí ìdúró yẹn. Ẹni tí ojú ibi tó ti lu etí bá ti wú rí, kó sọ fún dókítà, torí ojú ibi tí lésà bá kàn náà lè wú bẹ́ẹ̀.

Ẹ ṣọ́ra fún íńkì funfun, àti èyí tí wọ́n fi ń ya irun ojú tàbí ètè. Titanium dioxide tàbí ohun tó jọ ìdóògún irin ló máa ń wà nínú wọn, lésà sì lè sọ wọ́n di dúdú lójú ẹsẹ̀. Bí ibi pupa lára táátù bá ti ń yún yín tàbí tó wú, ẹ tètè sọ ọ́: íńkì tó fọ́ lè tàn káàkiri, kí ara sì kọ̀ ọ́ débi pé èémí á ṣòro.

Lọ́jọ́ náà

A ó fi awò dí ojú yín. Ẹ ó gbọ́ pà, pà. Á máa ta yín bí ìgbà tí òróró gbígbóná bá ta síni lára. Ojú ibẹ̀ á funfun bí eérú, á sì wábi gbà láàárín ọgbọ̀n ìṣẹ́jú tàbí kó má tó bẹ́ẹ̀. Bó bá lé ròrò, ẹ má tú u. Ẹ fi fasilíìnì pa á, ẹ bò ó, kí oòrùn má pa á.

Ọ̀sẹ̀ 6 sí 8 ló máa ń wà láàárín ìgbà kan sí èkejì, táátù aláwọ̀ sì lè gbà ju ìgbà 10 lọ. Ẹ ṣírò rẹ̀: ó lè lé lọ́dún kan dáadáa. Ti ọwọ́ àti ẹsẹ̀ ń pẹ́ ju ti àyà àti ọrùn lọ. Sìgá náà ń fà á sẹ́yìn.

Ìpara tí wọ́n ń pè ní ayọ-táátù kò lè dé ibi tí íńkì wà láìjẹ́ pé ó jó awọ. FDA, àjọ tó ń bójú tó oúnjẹ àti oògùn ní Amẹ́ríkà, kò fọwọ́ sí ìkankan nínú wọn. Iyọ̀ tí àwọn kan fi ń ha ara, egbò ló ń dá sílẹ̀. Táátù kékeré ṣeé gé kúrò, àmọ́ ojú abẹ á kù. Lójú tiwa, bí ewé bá ti ṣá tó bẹ́ẹ̀ tí àánú rẹ̀ kò ṣe yín mọ́, ẹ fi í sílẹ̀ níbẹ̀.

Tí ẹ bá ń bọ̀, ẹ kó gbogbo oògùn tí ẹ ń lò dání. Ìpara tí ẹ fi ń bóra ńkọ́? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ mú un wá pẹ̀lú. A ò ní bá yín jà.