Orin Dídùn Nínú Géèmù Tí Kò Dára

  Ariwo tí ẹ ń gbọ́ lẹ́yìn mi yẹn, jẹnẹrétọ̀ aládùúgbò ni, wọ́n ti mú iná lọ láti àárọ̀. Ẹni tó ń bá wa tẹ ọ̀rọ̀ yìí jáde, má kọ ti jẹnẹrétọ̀ sí i o.

Ẹ̀gbọ́n wa kan ló bi mí ní ìbéèrè lọ́jọ́ Àìkú. Wọ́n ní ọmọ àwọn ọkùnrin, ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún, kì í yọ íápíìsì kúrò létí. Orin inú géèmù ló ń gbọ́. Wọ́n bi í pé ṣé géèmù náà dára ni, ọmọ ní rárá, géèmù náà ò dáa, orin rẹ̀ ló dùn. Ọ̀rọ̀ yẹn ló bí ẹ̀gbọ́n nínú. Wọ́n ní ọjà tí kò dára ò dára náà nìyẹn, ọmọ ń fi àwọn ṣeré ni. Wọ́n fẹ́ gba fóònù náà kí wọ́n tà á. Mo ní kí wọ́n jọ̀ọ́, kí wọ́n ní sùúrù kí n sọ̀rọ̀ ná, torí ọ̀rọ̀ yẹn kan èmi gan-an.

Ẹ̀yin tí ẹ ti pẹ́ ní Sábọ́n Gàrí mọ̀ pé kí n tó bẹ̀rẹ̀ sí ta ṣájà àti bátìrì, ilé géèmù ni mo ní. Tẹlifíṣọ̀n mẹ́ta, PS2 méjì, PS3 tòkúnbọ̀ kan ṣoṣo. Àwọn ọmọ ń sanwó, wọ́n ń gbá bọ́ọ̀lù. Nínú páálí díìsì tòkúnbọ̀ kan tí mo rà l'Ékòó, mo rí Sonic níbẹ̀, èyí tí Sega gbé jáde ní 2006. Sonic ni ẹranko kékeré aláwọ̀ búlúù yẹn, tí orí rẹ̀ rí ṣóńṣó bí ẹ̀gún òòrẹ̀, tó ń sáré bí ìjì. Bí mo ṣe fi díìsì yẹn sí i báyìí, orin bẹ̀rẹ̀, gìtá, ìlù, fèrè, gbogbo ilé géèmù dákẹ́. Èmi náà dákẹ́.

Àwọn ọmọ dù ú. Kò tó ogún ìṣẹ́jú tí wọ́n fi ń béèrè owó wọn. Sonic á kọ́ lu ògiri, á há síbẹ̀. Á já sínú ihò níbi tí ilẹ̀ wà, tí ojú rí i pé ilẹ̀ ni. Èyí tó burú jù ni dídúró. Ẹ ó bá ará ìlú kan sọ̀rọ̀ nínú géèmù, ẹ̀rọ á ní kí ẹ dúró kí òun gbé nǹkan wá. Ẹ dúró títí, ará ìlú á sọ gbólóhùn kan, ẹ̀rọ á tún ní kí ẹ dúró. Ta ló máa fowó ṣòfò síbẹ̀?

Ohun tí mo wá ṣe nìyí, mi ò ní purọ́ fún yín. Mi ò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi ṣeré mọ́, àmọ́ ní ìrọ̀lẹ́, màá fi díìsì náà sí i kí orin rẹ̀ máa dún síta. Ó ń fa èèyàn wọlé. Lọ́jọ́ kan, màlámù kan tó wá láti Wudil ń kọjá lọ, wọ́n dúró, wọ́n gbọ́ ọ. Wọ́n ní ọmọ àwọn ní PS3 nílé, èló ni díìsì yẹn? Mo mọ̀ pé géèmù náà kò dára. Mo tà á fún wọn ní ẹgbẹ̀rún méjì náírà, mo tún fọ̀ ọ́ mọ́ kí n tó fi sínú ọ̀rá.

Ọ̀sẹ̀ méjì lẹ́yìn náà, wọ́n padà wá pẹ̀lú ọmọ yẹn. Wọn ò pariwo. Mo ní, "Màlámù, ẹ̀yin náà ló gbọ́ ọ kí ẹ tó rà á." Wọ́n ní, "Orin ni mo gbọ́. Géèmù ni mo sanwó fún." Kí lèmi fẹ́ sọ? Mo fún ọmọ náà ní díìsì bọ́ọ̀lù tuntun, mo gba Sonic padà, mo jẹ àdánù lórí rẹ̀. Láti ọjọ́ yẹn ni mo ti ń bi ara mi pé báwo ni ọwọ́ tó ṣe orin yẹn àti ọwọ́ tó ṣe géèmù yẹn ṣe lè wà nínú ilé kan náà.

Ọwọ́ kan náà kọ́ ni. Ẹ wo agbádá. Ẹni tó ṣe iṣẹ́ ọnà ọrùn rẹ̀ lè jẹ́ ọ̀gá nínú iṣẹ́, kí télọ̀ tó gé e gé e wọ́. Iṣẹ́ ọnà ò ní tìtorí ìyẹn bàjẹ́, àmọ́ ẹni tó wọ̀ ọ́ ò ní lè gbé apá. 1991 ni Sonic àkọ́kọ́ jáde, torí náà 2006 pé ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, Sega sì fẹ́ kí eléyìí bọ́ sójà kí Kérésìmesì tó dé. Yuji Naka tó jẹ́ olórí wọn fi iṣẹ́ sílẹ̀ láàárín ọdún yẹn. Wọ́n tún pín àwọn òṣìṣẹ́ sí méjì, àwọn kan lọ ń ṣe Sonic mìíràn fún ẹ̀rọ Wii. Nínú géèmù, eré sísá, ilẹ̀, ògiri, ojú tí a fi ń wò ó, gbogbo rẹ̀ gbọ́dọ̀ bára mu. Tí ẹ bá tún ọ̀kan ṣe, òmíràn lè bàjẹ́, ó sì ń gba àkókò kí ẹ tó rí gbogbo rẹ̀ tún. Àkókò yẹn ni wọn ò ní. Ti olórin kò rí bẹ́ẹ̀. Tomoya Ohtani ló ṣáájú àwọn olórin wọn. Tí orin bá ti parí, ó parí nìyẹn. Kí Sonic há sínú ògiri lẹ́ẹ̀mẹwàá, orin ò há. Àní Akon tí gbogbo wa ń jó orin rẹ̀ nígbà yẹn, ohùn rẹ̀ wà nínú géèmù yẹn, mélòó nínú wa ló mọ̀? Nígbà tó di 2010, Sega fúnra wọn kó géèmù náà kúrò lórí àtẹ.

Àmọ́ èyí tó yà mí lẹ́nu jù, ọmọ àbúrò mi tó wà ní yunifásítì ló fi hàn mí lórí fóònù. Géèmù ọdún 1990 ni, Silver Surfer, fún ẹ̀rọ NES ti Nintendo. Ẹni tó ń gun pákó fò lójú ọ̀run ni. Ohunkóhun tó bá kàn án, ó kú, ògiri pàápàá, bẹ́ẹ̀ ojú ò sì fi bẹ́ẹ̀ dá ògiri mọ̀ yàtọ̀ sí ohun tó kàn jẹ́ àwòrán. Ìyà lásán ni. Ẹ wá gbọ́ orin rẹ̀! Tim Follin àti Geoff àbúrò... rárá, ẹ má bínú, mi ò fẹ́ ṣì í sọ, ọmọ ìyá rẹ̀ ni ká wí. Àwọn méjèèjì ló ṣe é, ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì.

Ẹ̀rọ yẹn kò lè kọ orin bíi rédíò. Ohùn márùn-ún péré ló ní. Méjì mú bíi fèrè. Ẹ̀kẹta wà fún ohùn ìsàlẹ̀. Ẹ̀kẹrin ń ṣe ṣàà-ṣàà bíi ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀, òun ni wọ́n fi ń ṣe ìlù. Ẹ̀karùn-ún lè gbé ohùn kékeré tí wọ́n ti gbà sílẹ̀. Nínú ọ̀pọ̀ géèmù ìgbà náà, bí ìbọn bá dún, á tún gba ọ̀kan nínú wọn lọ́wọ́ orin. Ààyè inú káṣẹ́ẹ̀tì géèmù kéré, ẹ ò lè gba orin gidi sí i. Àṣẹ ni wọ́n ń kọ sílẹ̀, bí ẹni fi lísìtì rán ọmọ lọ sọ́jà: dún báyìí, dúró, gòkè, rọ̀ díẹ̀.

Ọgbọ́n tí wọ́n ta rèé. Ohùn kan ò lè kọ ohùn mẹ́ta pọ̀. Wọ́n á wá ní kó kọ ti àkọ́kọ́, kó fò sí ìkejì, kó fò sí ìkẹta, kó padà, kíákíá, bíi ọgọ́ta ìgbà láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan. Etí wa ò lè yà á sọ́tọ̀ mọ́, a ó rò pé wọ́n jọ ń kọrin ni. Ẹ̀yin tí ẹ ti dá ṣọ́ àtẹ mẹ́ta rí lọ́jọ́ ọjà, ẹ mọ ohun tí mò ń wí. Tim Follin ti kọ́ irú ọgbọ́n bẹ́ẹ̀ láti kékeré lórí kọ̀ǹpútà Spectrum, èyí tí ẹ̀rọ ohùn rẹ̀ kò mọ̀ ju kó tì síwájú, kó fà sẹ́yìn. Ó mú un kọ orin olóhùn púpọ̀.

Mi ò sọ pé gbogbo rẹ̀ ló dùn o. Àwọn orin Sonic yẹn tí wọ́n ń fi ẹnu kọ, ariwo ti pọ̀ jù létí tèmi. Ẹlòmíì sì ń yin orin kan torí pé ìgbà èwe rẹ̀ ló ń rántí. Àmọ́ Silver Surfer, mi ò gbá a rí nígbà èwe, nǹkan kan ò sì tì mí láti yìn ín.

Ẹ̀gbọ́n, ọmọ yín ò purọ́. Ẹ jọ̀ọ́, lálẹ́ òní, ẹ gba íápíìsì ẹyọ kan lọ́wọ́ rẹ̀, ẹ fi sétí, kó fi ìkejì sétí tirẹ̀. Ẹ ní kó ka iye ohùn tó wà nínú orin náà fún yín, kó sọ èyí tó jẹ́ ohùn ìsàlẹ̀ àti èyí tó jẹ́ ìlù. Tó bá lè kà á, ẹ fi fóònù rẹ̀ sílẹ̀ fún un. Tí ẹ bá sì gbé e wá sí ṣọ́ọ̀bù mi pé kí n rà á, mi ò ní rà á.