Kóòdù àdákọ àbí kóòdù àyálò: èwo ló yẹ kí oníṣẹ́ kọ̀ǹpútà mú?

Lọ́jọ́ 22, oṣù kẹta, ọdún 2016, Azer Koçulu fi ìbínú kó gbogbo kóòdù tó kọ kúrò lórí npm, ìyẹn ibùdó kan lórí íntánẹ́ẹ̀tì tí àwọn tó ń kọ ètò kọ̀ǹpútà ti máa ń mú kóòdù ọ̀fẹ́. Ohun tó bí i nínú ni pé npm gba orúkọ tó sọ ọ̀kan lára wọn, wọ́n fún ilé-iṣẹ́ Kik. Left-pad wà lára ohun tó kó lọ: ìlà 11 péré, tí iṣẹ́ rẹ̀ kò ju kó fi àlàfo kún iwájú ọ̀rọ̀. Ṣùgbọ́n kíá ni iṣẹ́ dẹnu kọlẹ̀ lọ́wọ́ àìmọye oníṣẹ́ kọ̀ǹpútà káàkiri àgbáyé, àfìgbà tí npm dá a padà ní nǹkan bíi wákàtí méjì.

Àwọn kan ní ọ̀lẹ ló ń yá ìlà 11. Òótọ́ wà níbẹ̀. Ohun tí èèyàn lè kọ láàárín ìṣẹ́jú mẹ́wàá, tó sì lè yẹ̀ wò tán, kí ló ń tọrọ rẹ̀ fún? Àmọ́ kì í ṣe gbogbo ohun tó jọ kékeré ló kéré.

Ẹ jẹ́ ká mú èdè wa yìí wò. Lẹ́tà kan ṣoṣo ni "ọ́" lójú wa, ṣùgbọ́n nínú Unicode, ìlànà tí kọ̀ǹpútà fi ń ka lẹ́tà, kò ní nọ́ńbà tirẹ̀. Ẹnìkan lè tẹ "o", kó fi àmì ìsàlẹ̀ àti àmì ohùn sí i, kó di nọ́ńbà mẹ́ta. Ẹlòmíràn á mú "ọ" tó ti ní àmì ìsàlẹ̀ tẹ́lẹ̀, á fi àmì ohùn lé e, á di méjì. (Àwa tí à ń fi Yorùbá kọ ìròyìn mọ ohun tí ojú wa ti rí lórí ọ̀rọ̀ àmì!) Kóòdù àdákọ tó kàn ń fi nọ́ńbà wé nọ́ńbà yóò ní ọ̀tọ̀tọ̀ ni wọ́n, ẹni tó sì ń wá orúkọ bàbá rẹ̀ nínú ìròyìn àtijọ́ yóò gbọ́ pé kò sí níbẹ̀, bẹ́ẹ̀ ó wà níbẹ̀.

ICU, àkójọ kóòdù ọ̀fẹ́ kan, ní irinṣẹ́ tó ń sọ irú ìkọ̀wé méjèèjì di ọ̀kan kí á tó fi wọ́n wéra. Lójú tiwa, irú èyí ló yẹ ní yíyá.

Àyálò náà ní ewu tirẹ̀ o. OpenSSL, tó ń bo ọ̀rọ̀ àṣírí lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ní àléébù Heartbleed nínú fún nǹkan bí ọdún méjì kí wọ́n tó kéde rẹ̀ ní oṣù kẹrin, ọdún 2014. Síbẹ̀, ẹni tó bá torí ìyẹn dá kóòdù ìbòrọ̀ tirẹ̀ kọ, àléébù tirẹ̀ lè má rí ẹni tú u síta láéláé. Ohun tó dára ni kí ẹni tó yá kóòdù tọ́jú ẹ̀dà rẹ̀ sọ́dọ̀ ara rẹ̀, kó mọ ẹ̀dà tó ń lò, kó sì tètè pààrọ̀ rẹ̀ nígbà tí àwọn tó ni ín bá kéde àtúnṣe.