Ọgbẹ́ Ọkàn àti Aṣọ Àgbàlagbà Obìnrin

Àwọn àgbà ti sọ ọ́ pé bí ọmọdé bá láṣọ tó ti àgbà, kò lè ní àkísà tó ti àgbà. Ọmọdé aláṣejù ni a sì sábà máa ń fi òwe yìí bá wí, láìrántí pé ó ní ohun tí ó ń sọ nípa àgbà pẹ̀lú. Obìnrin tí ó ti pé ọmọ ọdún márùndínláàádọ́rin, tí ó ti bímọ, tí ó ti sin ọmọ, tí ó ti sin ọkọ, tí àwọn ọmọ tí ó ṣẹ́kù fún un sì ti gba ìlú òyìnbó lọ, ó ní àkísà nínú àpótí, ó sì ní òmíràn nínú ọkàn, èyí tí kò sí ẹni tí ó ń bá a sá a sóòrùn.

Ohun méjì ni a máa ń sọ fún irú obìnrin bẹ́ẹ̀ nínú ọ̀pọ̀ ìjọ Kristẹni nílẹ̀ Yorùbá. Èkíní ni pé kí ó gbàgbé, kí ó máa yọ̀ nínú Olúwa, nítorí pé ẹni tí ẹkún rẹ̀ bá pọ̀ jù, ìgbàgbọ́ rẹ̀ kò tó; èkejì ni pé kí ó jìnnà sí aṣọ aláràbarà, nítorí pé opó tí ó bá ń múra, ọkọ ni ó ń wá. Mo ní láti sọ ọ́ gbangba pé Bíbélì kò gbe ọ̀kankan nínú méjèèjì lẹ́yìn.

Ẹ wo Náómì nínú Ìwé Rúùtù. Ìyàn ni ó lé òun àti Élímélékì ọkọ rẹ̀ kúrò ní Bẹ́tílẹ́hẹ́mù lọ sí ilẹ̀ Móábù. Ibẹ̀ ni ọkọ kú sí, ibẹ̀ náà sì ni ọmọkùnrin méjèèjì tí ó bí kú sí. Nígbà tí ó padà wọ ìlú, tí àwọn obìnrin ń pè é ní orúkọ tí wọ́n mọ̀ ọ́n mọ́, ó ní kí wọ́n má pe òun bẹ́ẹ̀ mọ́, Márà ni kí wọ́n máa pe òun, nítorí Olódùmarè ti mú ayé òun korò. Kò sí wòlíì tí ó bá a wí, kò sì sí obìnrin tí ó ní kí ó panu mọ́. Obìnrin yìí kan náà ni ó wá pe Rúùtù, ìyàwó ọmọ rẹ̀, opó bíi tirẹ̀, tí ó ní kí ó wẹ̀, kí ó fi òróró para, kí ó wọ aṣọ rẹ̀, kí ó sì sọ̀ kalẹ̀ lọ sí ilẹ̀ ìpakà. Ẹkún ni ó ṣáájú, ìmúra ni ó tẹ̀lé e. Lóòótọ́, ọkọ ni Náómì ń wá fún un; ẹ̀yin tí ẹ ń sọ̀rọ̀ opó lẹ́yìn kò sì ní rí ẹsẹ kan níbẹ̀ tí ó bá a wí.

Bẹ́ẹ̀ náà ni ti Dọ́kásì, ẹni tí ọ̀pọ̀ ẹgbẹ́ obìnrin inú ìjọ wa ń jẹ́ orúkọ rẹ̀ títí dòní. Nígbà tí ó kú ní Jọ́pà, àwọn opó dúró ti Pétérù, wọ́n ń sunkún, wọ́n sì ń fi ẹ̀wù tí olóògbé náà rán hàn án. Ènìyàn laṣọ mi, ni Yorùbá wí. Ẹni tí yóò sì rán ẹ̀wù fún opó ní láti dúró tì í, kí ó wọn èjìká rẹ̀, kí ó sì gbọ́ ohun tí ó ń sọ nígbà tí okùn ìwọ̀n wà lára rẹ̀. Pétérù tí ó kọ ọ́ nínú lẹ́tà rẹ̀ pé ọ̀ṣọ́ inú ni kí obìnrin fi ṣáájú, òun náà ni wọ́n fi ẹ̀wù wọ̀nyí hàn, kò sì bá wọn wí.

Ṣùgbọ́n aṣọ kì í wo àìsàn. Obìnrin tí oorun ti dá lójú rẹ̀ fún oṣù mélòó kan, tí oúnjẹ kò lọ lẹ́nu rẹ̀ mọ́, tí ó sì ń sọ ọ̀rọ̀ ikú, kí a máa gbàdúrà fún un, kí a sì mú un lọ sí ọ̀dọ̀ dókítà. Kì í ṣe ìtìjú. Ní ọdún 1954 ni Dókítà Thomas Adéoyè Lambo, ọmọ bíbí Abẹ́òkúta, bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ́ kí àwọn tí ọkàn wọn dàrú máa gbé pẹ̀lú ẹbí wọn ní àwọn abúlé tí ó yí ilé ìwòsàn Aró ká, kí wọ́n sì máa gba ìtọ́jú níbẹ̀, nítorí ó mọ̀ pé ẹni tí ojúlùmọ̀ yí ká a máa tètè gbádùn.

Wàyí o, ẹ jẹ́ kí a padà sórí aṣọ: gèlè ò dùn bíi ká mọ̀ ọ́n wé, ká mọ̀ ọ́n wé ò dà bíi kó yẹni. Bí ọjọ́ orí ti ń lọ, ẹ̀yìn a máa tẹ̀ díẹ̀, ọrùn a máa sún síwájú; bùbá tí a rán nígbà tí a jẹ́ ọmọ ogójì ọdún yóò wá máa gbéra lẹ́yìn, yóò sì máa sọ̀ sílẹ̀ níwájú. Obìnrin náà kò bàjẹ́. Télọ̀ ni kí ó fi kún gígùn ẹ̀yìn bùbá, kí ó jẹ́ kí apá rẹ̀ bo ìgúnpá, kí ó sì gbẹ́ ọrùn rẹ̀ débi tí ìlẹ̀kẹ̀ yóò ti rí ibi jókòó. Nítorí ooru tí í ru bo obìnrin lójijì lẹ́yìn tí nǹkan oṣù bá ti dáwọ́ dúró, àdìrẹ tàbí ànkárá olówùú dára ju léèsì tí kò jẹ́ kí ara mí. Gèlè líle tí a fún pa mọ́ ìpàkọ́ bí ẹni di ẹrù igi, ẹ fi sílẹ̀ fún àwọn ọmọge.

Ní ti àwọ̀, sányán ni àwọn àgbà pè ní baba aṣọ, àwọ̀ rẹ̀ tí ó pọ́n ràkọ̀ràkọ̀ sì máa ń mú ojú aláwọ̀ dúdú mọ́lẹ̀. Àlàárì pupa ń fẹ́ ìgboyà. Opó tí ọkàn rẹ̀ kò tíì gbà á láti wọ pupa, ẹtù ni mo máa ń sọ fún un pé kí ó fi bẹ̀rẹ̀: aró ti mu ún débi pé ó fẹ́rẹ̀ẹ́ dúdú, ṣùgbọ́n kì í ṣe aṣọ ọ̀fọ̀, aṣọ iyì ni, ó sì máa ń jẹ́ kí ewú orí tàn.

Aṣọ òfì ni mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, aṣọ òfì sì tún ní oore mìíràn. Tẹ́ẹ́rẹ́ tẹ́ẹ́rẹ́ ni wọ́n ń hun ún kí wọ́n tó rán an pọ̀, ó sì ṣeé tú. Mo mọ ìyá àgbà kan tí ó tú agbádá ẹtù ọkọ rẹ̀, tí ó fi rán ìborùn; bí ènìyàn bá sún mọ́ ọn, yóò rí i pé ojú ibi tí òwú ìránṣọ gbà tẹ́lẹ̀ ṣì dúdú ju ìyókù lọ, nítorí oòrùn kò dé ibẹ̀. Ó ní ọjọ́ tí òun kọ́kọ́ jù ú sí èjìká lọ sí ìsìn ni òun kọ́kọ́ gbọ́ ìwàásù dé òpin láti ìgbà tí baba ti lọ.

Ẹ̀yin ìyá ẹgbẹ́, ẹ jọ̀wọ́, nígbà tí ogójì ọjọ́ bá ti kọjá, tí àwọn abánikẹ́dùn sì ti tú ká, ẹ padà lọ sí ilé opó. Ẹ jẹ́ kí ó sọ̀rọ̀ tán kí ẹ tó gbàdúrà. Bí ẹ bá sì fẹ́ dá aṣọ ẹgbẹ́ tuntun, ẹ kọ́kọ́ bi í léèrè àwọ̀ tí ó wù ú àti iye tí agbára rẹ̀ ká.