Fíìmù tó fi ikú ọmọ iléèwé ṣe àwàdà: Ẹ̀rín ‘Heathers’ kò dún bíi ti àtijọ́ mọ́

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní bí ọ̀rọ̀ bá ju ẹkún lọ, ẹ̀rín là á fi í rín. Bó tilẹ̀ jẹ́ pé àwọn tó ń ṣe fíìmù nílẹ̀ Amẹ́ríkà kò gbọ́ òwe yìí rí, ohun tí àwọn kan nínú wọn ṣe gan-an nìyẹn láàrin ọdún 1980 sí 1999. Wọ́n mú ìkà, ìbànújẹ́ àti ikú àwọn ọmọ iléèwé girama, wọ́n fi ṣe àwàdà, àwọn ènìyàn sì rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n ìgbà kì í lọ bí òréré, ayé kì í lọ bí ọ̀pá ìbọn. Ohun tí wọ́n fi ṣe ẹ̀rín nígbà náà ti wá ṣẹlẹ̀ lójú ayé, kì í ṣe lẹ́ẹ̀kan, kì í ṣe lẹ́ẹ̀mejì. Kí ló wá ń ṣẹlẹ̀ sí irú àwàdà bẹ́ẹ̀ bí ọjọ́ bá ti gorí ọjọ́?

Èyí tí òkìkí rẹ̀ kàn jù nínú irú àwọn fíìmù bẹ́ẹ̀ ni Heathers. Daniel Waters ló kọ ìtàn rẹ̀, Michael Lehmann ló darí rẹ̀, oṣù kẹta ọdún 1989 ló sì dé àwọn ilé sinimá Amẹ́ríkà. Winona Ryder, tí kò tíì pé ogún ọdún nígbà náà, ló ṣe Veronica. Christian Slater ló ṣe J.D. Shannen Doherty, tó jáde láyé lọ́dún 2024, wà lára àwọn ọmọbìnrin mẹ́ta tí gbogbo wọn ń jẹ́ Heather, tí wọ́n fi orúkọ wọn pe fíìmù náà.

Iléèwé girama kan ní ìpínlẹ̀ Ohio ni ìtàn náà ti wáyé. Àwọn Heather mẹ́ta yìí ló ń jọba lé àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yòókù lórí. Ẹni tí wọ́n bá fi ṣe yẹ̀yẹ́ lónìí, kò ní rí ibi fojú sí lọ́la. Veronica ń bá wọn rìn, ṣùgbọ́n ìwà wọn kò tẹ́ ẹ lọ́rùn. Ibẹ̀ ni J.D. ti dé, ọmọkùnrin àjèjì tó máa ń wọ kóòtù dúdú gbọọrọ, tó sì fẹ́ràn ìbọn. J.D. fa Veronica wọ ọ̀ràn. Olórí àwọn Heather mu májèlé kú, àwọn méjèèjì sì kọ lẹ́tà èké bí ẹni pé ọmọ náà ló gbẹ̀mí ara rẹ̀. Kò pẹ́ lẹ́yìn náà ni wọ́n yìnbọn pa àwọn ọmọkùnrin agbábọ́ọ̀lù méjì, wọ́n sì tún kọ lẹ́tà mìíràn.

Ẹni tó bá gbọ́ èyí lè béèrè pé ibo gan-an ni ẹ̀rín wà níbẹ̀. Ẹ̀rín náà wà lọ́dọ̀ àwọn àgbàlagbà. Kò sí òbí, olùkọ́ tàbí ọlọ́pàá kan tó wádìí ohun tó ṣẹlẹ̀. Olùkọ́ kan kó àwọn akẹ́kọ̀ọ́ jọ, ó ní kí wọ́n di ara wọn lọ́wọ́ mú, kí àwọn tó ń ya àwòrán tẹlifíṣọ̀n lè rí wọn. Ọmọ tó jẹ́ ìkà nígbà ayé rẹ̀ di ẹni mímọ́ lẹ́yìn tó kú. Orin kan tó ń kìlọ̀ fáwọn ọ̀dọ́ pé kí wọ́n má pa ara wọn di orin tó gbòde. Martha, ọmọbìnrin sísanra tí gbogbo iléèwé fi ń ṣẹ̀sín, bọ́ sáàrin ọkọ̀ lójú títì nítorí ayé ti sú u lóòótọ́. Kò kú, ṣùgbọ́n ohun tí ọ̀kan nínú àwọn Heather rí sọ ni pé ó fẹ́ fara wé àwọn gbajúmọ̀ ni, kò sì rí i ṣe.

Ìdí tí wọ́n fi kọ irú ìtàn bẹ́ẹ̀

Nígbà tí Waters ń kọ ìtàn rẹ̀, fíìmù John Hughes ló gbayé kan láàrin àwọn ọ̀dọ́ Amẹ́ríkà. Sixteen Candles jáde lọ́dún 1984, The Breakfast Club tẹ̀lé e lọ́dún 1985. Nínú àwọn fíìmù wọ̀nyẹn, ọmọ tí inú rẹ̀ bàjẹ́ láàárọ̀ á ti rí olólùfẹ́ tàbí ọ̀rẹ́ kó tó di alẹ́. Waters fẹ́ kọ èyí tó yàtọ̀ pátápátá, kódà ó ń retí pé Stanley Kubrick, ọ̀gá láàrin àwọn olùdarí fíìmù, ni yóò bá òun darí rẹ̀, bí ìyẹn kò tilẹ̀ ṣeé ṣe.

Lójú ayé, ọ̀rọ̀ náà wà nílẹ̀ lóòótọ́. Ní ìlú Plano ní ìpínlẹ̀ Texas lọ́dún 1983, àwọn ọ̀dọ́ kan gbẹ̀mí ara wọn tẹ̀léra tẹ̀léra. Ní Bergenfield ní ìpínlẹ̀ New Jersey, àwọn mẹ́rin kú pa pọ̀ lọ́jọ́ kan ṣoṣo nínú oṣù kẹta ọdún 1987. Ẹ̀rù ba gbogbo ìlú, àwọn tẹlifíṣọ̀n sì gbé e bí ẹni gbé ọba. Ariwo yìí gan-an ni Heathers ń fi ṣe yẹ̀yẹ́, kì í ṣe àwọn tó kú.

Ìparí tí Waters kọ́kọ́ kọ burú ju èyí tó jáde lọ. Nínú ti àkọ́kọ́, bọ́ǹbù fọ́ iléèwé náà pátápátá, gbogbo akẹ́kọ̀ọ́ sì pàdé níbi ijó lọ́run. Ilé iṣẹ́ New World Pictures tó gbé owó sílẹ̀ ní àwọn kò gbà. Nínú èyí tí àwọn ènìyàn wò, J.D. nìkan ni bọ́ǹbù pa, níta iléèwé.

Owó tó wọlé nílé sinimá kò ju nǹkan bíi mílíọ̀nù kan dọ́là lọ, èyí tí kò tó iye tí wọ́n ná. Orí fídíò ni fíìmù náà ti rí àwọn olólùfẹ́ rẹ̀, tí wọ́n ń yá a wò nílé, tí wọ́n sì mọ ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ sórí.

Ọjọ́ tí ẹ̀rín pa mọ́ àwọn ènìyàn lẹ́nu

Ní ogúnjọ́ oṣù kẹrin ọdún 1999, àwọn ọmọkùnrin méjì kó ìbọn àti bọ́ǹbù wọ iléèwé girama Columbine ní ìpínlẹ̀ Colorado. Kóòtù gbọọrọ wà lọ́rùn wọn. Wọ́n pa akẹ́kọ̀ọ́ méjìlá àti olùkọ́ kan, kí wọ́n tó pa ara wọn. Àwọn bọ́ǹbù ńlá tí wọ́n gbé sí yàrá ìjẹun kò bú gbàù, bí kò bá rí bẹ́ẹ̀, iye ẹni tí ìbá kú kò ní í ṣeé fẹnu sọ.

Ọ̀rọ̀ kì í ṣe pé fíìmù kan ló rán wọn níṣẹ́. Ọ̀rọ̀ ni pé láti ọjọ́ náà, ojú tí àwọn ènìyàn fi ń wo Heathers yí padà. Iran kan wà níbẹ̀rẹ̀ fíìmù náà tí J.D. ti yọ ìbọn sí àwọn ọmọkùnrin méjì ní yàrá ìjẹun, tó sì yìn ín. Kò sí ọta gidi nínú rẹ̀, nítorí náà kò sẹ́ni tó kú. Ìyà tí wọ́n fi jẹ ẹ́ kò ju pé wọ́n ní kó jókòó sílé fúngbà díẹ̀. Lọ́dún 1989, àwọn tó wò ó rẹ́rìn-ín. Nígbà tó fi máa di ọdún 1994, ìjọba àpapọ̀ Amẹ́ríkà ti ṣòfin pé kí wọ́n lé akẹ́kọ̀ọ́ tó bá gbé ìbọn wá síléèwé jáde fún ọdún kan, ó kéré tán. Lónìí, àwọn ọmọ kéékèèké ibẹ̀ ń kọ́ bí wọ́n ṣe máa sá pa mọ́ sábẹ́ tábìlì bí ẹni tó gbé ìbọn bá dé. Òbí tó mọ èyí, báwo ni yóò ṣe rẹ́rìn-ín?

Kì í ṣe Heathers nìkan lọ̀rọ̀ kàn. Lẹ́yìn Columbine, wọ́n dá apá kan eré tẹlifíṣọ̀n Buffy dúró títí di oṣù kẹsàn-án ọdún 1999, nítorí ó sọ̀rọ̀ nípa ọmọ kan tó gbé ìbọn wá síléèwé. Ní ọdún 2018, nígbà tí ilé iṣẹ́ Paramount Network fẹ́ gbé Heathers tuntun jáde lórí tẹlifíṣọ̀n, ọmọkùnrin kan yìnbọn pa ènìyàn mẹ́tàdínlógún níléèwé kan ní Parkland, ìpínlẹ̀ Florida, ní ọjọ́ kẹrìnlá oṣù kejì. Wọ́n sún eré náà síwájú. Nígbà tó yá, wọ́n ní àwọn kò ní í gbé e jáde mọ́. Oṣù kẹwàá ọdún náà ló tó jáde, lẹ́yìn tí wọ́n ti gé nǹkan kúrò nínú rẹ̀.

Mark Waters, àbúrò ẹni tó kọ Heathers, gba ọ̀nà mìíràn. Òun ló darí Mean Girls, tí Tina Fey kọ, lọ́dún 2004. Àwọn ọmọbìnrin ìkà tó ń jọba níléèwé ló wà níbẹ̀ náà, ṣùgbọ́n ẹnikẹ́ni kò kú. Owó tó pa lé ní 100 mílíọ̀nù dọ́là.

Èyí tó mọ̀ pé òun ń sọ̀rọ̀ burúkú

Ọ̀nà kejì tún wà tí àwàdà fi ń gbó. Nínú ti àkọ́kọ́, ayé ló lé àwàdà bá. Nínú èkejì, ohun tí ẹni tó ṣe àwàdà kò kíyè sí ló wá hàn síta. Ní oṣù kẹrin ọdún 2018, Molly Ringwald, tó ṣe olú ẹ̀dá ìtàn nínú àwọn fíìmù John Hughes, kọ ọ́ sínú ìwé ìròyìn The New Yorker pé ọ̀nà tí wọ́n gbà fọwọ́ kan ọmọbìnrin nínú The Breakfast Club ń kọ òun lóminú, lẹ́yìn tí òun àti ọmọ òun jọ wò ó. Nínú Sixteen Candles, ọmọkùnrin kan fi ọ̀rẹ́bìnrin rẹ̀ tó ti mutí yó lé ọmọkùnrin mìíràn lọ́wọ́, wọ́n sì fi ṣe ẹ̀rín. Fíìmù adùn-ún-wò ni gbogbo ayé ka ìwọ̀nyí sí.

Election, tí Alexander Payne darí, tó sì jáde lọ́sẹ̀ kan náà tí ti Columbine ṣẹlẹ̀, tún fi èyí hàn. Lọ́dún 1999, Tracy Flick, ọmọbìnrin tó fẹ́ di ààrẹ ẹgbẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ lọ́nàkọnà, ni àwọn ènìyàn fi rẹ́rìn-ín. Lónìí, ohun tí ọ̀pọ̀ ń rí ni pé olùkọ́ kan ti bá ọmọ náà lò pọ̀, olùkọ́ mìíràn sì tún fẹ́ ba ti ẹ̀ jẹ́. Tom Perrotta tó kọ ìwé náà padà sídìí ọ̀rọ̀ Tracy nínú ìwé mìíràn lọ́dún 2022.

Heathers náà ní àbùkù tirẹ̀. Nínú lẹ́tà èké kejì, wọ́n kọ ọ́ pé àwọn ọmọkùnrin méjì tó kú náà ń fẹ́ ara wọn, ìyẹn sì wà lára ohun tí wọ́n fi pa àwọn ènìyàn lẹ́rìn-ín. Nígbà tí wọ́n sọ ìtàn náà di eré olórin, orin kan wà tó fi bí àwọn ọmọkùnrin ṣe fẹ́ fipá mú Veronica ṣe àwàdà. Nínú èyí tí wọ́n ṣe ní Lọ́ńdọ̀nù lọ́dún 2018, àwọn tó kọ ọ́ fi orin mìíràn rọ́pò rẹ̀, èyí tó jẹ́ kí ẹ̀rù ọmọbìnrin náà hàn. Wọn kò bo ọ̀rọ̀ náà mọ́lẹ̀, wọ́n kàn yí ẹni tí wọ́n ń fi rẹ́rìn-ín padà ni.

Síbẹ̀, fíìmù tó mọ̀ pé ìkà ni òun ń sọ ti dúró ju àwọn tó rò pé ìfẹ́ làwọn ń sọ lọ. Ìdí ni pé ọ̀rọ̀ tó fẹ́ sọ kò tíì kúrò nílẹ̀. Láti ọdún 2020, ìbọn ló ń pa ọmọdé àti ọ̀dọ́ jù lọ ní Amẹ́ríkà, ju ìjàm̀bá ọkọ̀ àti àrùn lọ, àwọn tó sì ń yìn ín fún ara wọn kò kéré láàrin wọn. Lẹ́yìn ikú kọ̀ọ̀kan, wọ́n á tan àbẹ́là, àwọn tẹlifíṣọ̀n á dé, àwọn àgbà á sọ̀rọ̀ dáadáa nípa òkú. Ìbéèrè tí fíìmù náà béèrè lọ́dún 1989 ni pé ta ló gbọ́ ohùn ọmọ náà nígbà tó wà láàyè.

Ìdáhùn tó wà nínú fíìmù náà kò pa ẹnikẹ́ni lẹ́rìn-ín, òun náà ni ọjọ́ kò sì sọ di ògbólógbòó. Lẹ́yìn tí bọ́ǹbù ti pa J.D., Veronica padà sínú iléèwé pẹ̀lú eérú lójú. Kò lọ bá àwọn gbajúmọ̀. Martha ló lọ bá, ẹni tí kò sẹ́ni tó ń bá a sọ̀rọ̀, ó sì ní bí kò bá ní nǹkan ṣe lálẹ́ ọjọ́ ijó, kí àwọn méjèèjì jọ jókòó wo fíìmù.