Abèèrè Kì Í Ṣìnà: Áàpù fún Àwọn Olùfẹ́ Ọgbà

Ọ̀pọ̀ nínú àwa tí a ń gbé Òkè Ọya ni a ní ọgbà kékeré lẹ́yìnkùlé. Bí a bá ti ọjà tàbí ọ́fíìsì dé, ibẹ̀ ni a ti ń najú. Ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo ewé tí ó ń hù níhìn-ín ni a mọ̀ láti ilé. Ní òjò èṣí, ọmọ mi obìnrin já ewé kan tí ó lalẹ̀ hù lẹ́bàá ọgbà, ó rò pé tẹ̀tẹ̀ ni. Ìyá àgbà kan ní àdúgbò ni ó rí i kí ó tó wọ ìkòkò, tí ó ní kí a dà á nù. Bí ìyá náà kò bá sí nílé ńkọ́?

Àwọn áàpù kan wà tí ó ń so olùfẹ́ nǹkan pọ̀ mọ́ ẹni tí ó mọ̀ ọ́n. Ọ̀kan nínú wọn ni iNaturalist, tí akẹ́kọ̀ọ́ mẹ́ta, Nate Agrin, Jessica Kline àti Ken-ichi Ueda, bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 2008 ní Yunifásítì California ní Berkeley, Amẹ́ríkà. Ẹni tí ó bá rí ewé, kòkòrò tàbí ẹyẹ yóò ya àwòrán rẹ̀, yóò sọ ọjọ́ àti ibi tí ó ti rí i. Àwọn ẹlòmíràn, tí àwọn onímọ̀ wà lára wọn, yóò wá sọ orúkọ rẹ̀. Ọ̀rọ̀ ẹnì kan kò tó: ó kéré tán, ẹni méjì gbọ́dọ̀ fohùn ṣọ̀kan.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ wa tí ẹ ń kọ́ iṣẹ́ kọ̀ǹpútà, bí ẹ ó bá ṣe irú rẹ̀ fún ẹgbẹ́ wa, ẹ jẹ́ kí àgbà lè fi ohùn dáhùn ní Yorùbá. Ẹ fi àyè sílẹ̀ fún “N kò mọ̀.” Kí ẹ sì kọ ọ́ gàdàgbà síwájú pé kí ẹnikẹ́ni má ti ipa àwòrán nìkan jẹ ewé tàbí olú, ẹni tí ó mọ̀ ọ́n gbọ́dọ̀ fojú ara rẹ̀ rí i.

Ẹ wo ojú-ìwé ìròyìn ẹbí: ọdọọdún ni àwọn àgbà ń fi wá sílẹ̀. Orúkọ ewé mélòó ni ó ń bá wọn lọ? Ọmọ mọ fóònù, àgbà mọ ewé. Ọgbọ́n ọlọ́gbọ́n ni kì í jẹ́ kí a pe àgbà ní wèrè. Ẹ jẹ́ kí a gbé ọ̀rọ̀ náà yẹ̀ wò ní ìpàdé tí ó ń bọ̀. Ọgbà wa kò ní hu ibi o.